Ẹ̀rọ Oru Omi Àfọwọ́mú, àti Àpá Ẹsẹ̀ Àga Lórí Rọ́ọ̀gì

Ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí à ń fi oru omi lọ aṣọ tó rún ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí aṣọ ni mo ṣe rà á. Nígbà tí a tún ilé wa tò, tí a sún àga pálọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n àti bẹ́ẹ̀dì kúrò níbi tí wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé, ojú ẹsẹ̀ wọn hàn ketekete lórí rọ́ọ̀gì, ó sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ń rì sínú rẹ̀. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún mi ní oru rẹ̀ yóò gbé irun rọ́ọ̀gì dìde. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán.

Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun rọ́ọ̀gì tó wà ní yàrá. Mo jẹ́ kí omi inú ẹ̀rọ hó dáadáa, mo wá da ẹnu rẹ̀ kọ ibi tó tẹ̀ náà láìjẹ́ kó kàn án. Kò pẹ́ tí irun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Mo fi fọ́ọ̀kì yà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ya irun ọmọdé tó ta kókó, nígbà tó sì fi máa gbẹ tán, ẹni tí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ti wà níbẹ̀ rí kò lè tọ́ka sí i. Irun àgùntàn a máa fa omi mu, ọ̀rinrin àti ooru ló sì ń tú u sílẹ̀ tí yóò fi padà sí bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí yìnyín tí àwọn kan máa ń gbé lé e fi ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbẹ rẹ̀ lásìkò òjò gba sùúrù.

Ti pálọ̀ ni polypropylene, òwú tí wọ́n fi ike ṣe, irú èyí tó kún ọjà wa. Kì í fa omi mu, nítorí náà yìnyín kàn rin ín lásán ni. Oru ràn án lọ́wọ́ díẹ̀: ojú ẹsẹ̀ àga fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù ṣì ń hàn bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé. Ohun tí mo yìn ín fún ni pé kò jó o. Nǹkan bí 160°C ni polypropylene ti ń yọ́. Áyọ́ọ̀nù tí a gbé sí ti aṣọ òwú lè gbóná tó 200°C, oru omi kò sì ju bí 100°C lọ. Àwọn tó ń tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tútù sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí wọ́n ṣọ́ra gidigidi, nítorí bí táwẹ́ẹ̀lì bá gbẹ mọ́ ọn lábẹ́, irun rọ́ọ̀gì yóò yọ́ pọ̀, yóò sì le gbagidi. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe irun ló tẹ̀, fóòmù abẹ́ rọ́ọ̀gì ni. Ẹ ká etí rọ́ọ̀gì sókè, kí ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàì sí. Bí mo bá da ẹnu rẹ̀ kọlẹ̀ jù, ó ń tu omi gbígbóná jáde, ibi tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ni iṣẹ́ rọ́ọ̀gì wà, ìyọnu gbáà ni. Iná tó ń jẹ tó wọ́ọ̀tì 1,500, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Àfi kí a dúró de NEPA. Ìwé tó bá a wá kò mẹ́nu ba rọ́ọ̀gì rárá, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó kìlọ̀ pé kí a má gbé e sún mọ́ rọ́ọ̀gì viscose, òwú tí wọ́n ṣe láti ara igi, tí omi máa ń sọ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àkọlé ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Fún aṣọ, n óò tún un rà. Fún rọ́ọ̀gì polypropylene nìkan, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Àwo rọ́bà pẹlẹbẹ tí à ń fi sábẹ́ ẹsẹ̀ àga kí ìwúwo rẹ̀ lè tàn ká kò wọ́n tó ìdá kan nínú rẹ̀. A ti fi sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi ní kò bójú mu.