Ẹ ṣọ́ra o: owó táyà yìnyín ni wọ́n ń gbà, táyà yẹpẹrẹ ni wọ́n ń gbé fúnni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ háyà mọ́tò lọ ṣe ski àbí snowboard, ìyẹn eré fífi pákó yọ̀ lórí yìnyín, lórí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni. Gbájúẹ̀ ìdí ẹ̀ kì í ṣe kékeré, èyí tó sì ń bíni nínú jù ni pé gbogbo ẹ̀ ló níwèé, gbogbo ẹ̀ ló ní ríṣíìtì, ẹ ò lè là á mọ́lẹ̀ pé olè ni wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi rèé. Alágbàtà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbowó mọ́tò lọ́wọ́ mi, ó gbowó táyà yìnyín lé e, ó tún gba ti ṣéènì táyà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń wé mọ́ táyà kó má bàa yọ̀ nínú yìnyín, àti irin tí wọ́n ń de pákó ski mọ́ lórí mọ́tò. Mo dé kántà iléeṣẹ́ tó ni mọ́tò, ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ ní owó tí mo san fún alágbàtà ò kan àwọn, tí mo bá fẹ́ táyà kí n san òmíì. A fa ọ̀rọ̀ yẹn títí, ìgbà tó yá ló wá ní kò burú, pé táyà gbogbo ìgbà ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò náà, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yìnyín dáadáa. Irọ́! Mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó, M+S, ìyẹn ẹrẹ̀ àti yìnyín lédè Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ni wọ́n kọ sára ẹ̀.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Táyà tó jẹ́ ti yìnyín lóòótọ́ máa ń ní àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí wọ́n ya hóró yìnyín sínú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà ló máa ń wà, ẹ ò nílò mẹkáníìkì kẹ́ ẹ tó rí i. M+S ní tiẹ̀, àwọn tó ṣe táyà ló kàn kọ ọ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dán an wò nínú yìnyín kí wọ́n tó kọ ọ́. Láti oṣù kẹwàá 2024 ni Jámánì ò ti kà á sí mọ́, Faransé náà tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá. Ní Faransé, láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá títí dé ọjọ́ 31 oṣù kẹta, tẹ́ ẹ bá wọ àwọn ìlú orí òkè tí òfin kàn, yálà kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àmì yẹn tàbí kí ṣéènì wà nínú bọ́ọ̀tù. Ti Austria, ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá sí 15 oṣù kẹrin ni, tí yìnyín bá ti wà lójú títì, wọ́n sì fẹ́ kí eyín táyà ṣì jìn tó 4 mm. Tí ọlọ́pàá bá dáni dúró, ẹni tó ń wa mọ́tò ló máa kojú wọn, onítọ̀hún tó wà ní kántà ti lọ sílé lọ sùn.

Ṣéènì náà ní wàhálà tiẹ̀ o. Wọ́n á ju páálí sí bọ́ọ̀tù, wọ́n á ní ó wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i. Nọ́ńbà tó wà lára táyà, bíi 205/55 R16, gbọ́dọ̀ wà lára páálí yẹn, tí ò bá sí níbẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ so ọ̀kan wò nínú ọgbà mọ́tò wọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ lórí òkè lálẹ́ pẹ̀lú ìka tó ti kú.

Geneva tún yàtọ̀. Pápákọ̀ òfurufú ìlú yẹn ní ẹ̀gbẹ́ Switzerland, ó ní ẹ̀gbẹ́ Faransé, wọ́n sì ń háyà mọ́tò ní méjèèjì. Ti Faransé sábà máa ń dínwó, àmọ́ mọ́tò ibẹ̀ lè wá láìní táyà yìnyín, láìní sítíkà tí wọ́n fi ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Switzerland. Alágbàtà á kọ Geneva gàdàgbà sókè, á wá fi lẹ́tà tó rí bí èèrà kọ ẹ̀gbẹ́ Faransé sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, owó míì nìyẹn.

Ti ínṣọ́ránsì: èyí tí alágbàtà tà fún yín ò ní dá àwọn kántà dúró, wọ́n á ṣì di owó ńlá mú lórí káàdì yín àfi tẹ́ ẹ bá ra tiwọn. Tiwọn náà, ẹ kà á, ó wọ́pọ̀ pé kì í kan táyà, gíláàsì, òrùlé àti abẹ́ mọ́tò, ẹ sì wò ó, àwọn ibi tí pákó ski àti ṣéènì ń bà jẹ́ gan-an ni! Tí yìnyín bá bo mọ́tò nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà á, ẹ ní kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kúrò, kẹ́ ẹ ya fídíò ara ẹ̀ yípo, òrùlé náà o, torí wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lọ tán, wọ́n á wá máa ka ibi tó ha fún yín.

Ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, kó má bá wọn pariwo. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé àdéhùn pé àwọn ò ní táyà tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, ẹ ya fọ́tò táyà yẹn, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ fún báńkì tó ni káàdì yín pé ẹ sanwó ọjà tí wọn ò gbé fún yín. Ẹ tètè ṣe é o, báńkì máa ń ní gbèdéke.