Ilé onítì igi tá a kọ́ sápá òkè Georgia: ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń rí fọ́tò ilé onítì igi témi àtìyàwó mi kọ́ lẹ́bàá Blue Ridge, lókè Georgia ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ wá ń bi mí pé èló ni, ẹ jókòó kí n sọ ọ́. Ilé náà dáa, ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Ilé-iṣẹ́ tó ta igi fún wa, mi ò ní dárúkọ wọn, 3 ló tó wọn, kódà mo ṣàánú wọn ni.

Iye tí wọ́n ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, owó igi nìkan ni o. Package ni wọ́n ń pè é: ìtì igi ògiri, bóyá igi òrùlé àti fèrèsé, ó tán. Ìpìlẹ̀, iṣẹ́ pọ́ńbà, iná, kíṣíìnì, omi kànga, septic tank, ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà gun òkè wọlé, gbogbo ìyẹn ọrùn yín ló wà. Àwọn tó ti ń kọ́ irú ilé yìí tipẹ́ máa ń ní kéèyàn fi owó package lọ́nà 2 sí 3 ṣírò iye tí ilé máa gbà kó tó parí, tiwa náà ò kúrò níbẹ̀. Bánkì tó máa yá yín lówó tún ní tiẹ̀, wọ́n á ní àfi káwọn rí ilé tó jọ ọ́ tí wọ́n ti tà ládùúgbò kí wọ́n tó díyelé tiyín. Lókè ibẹ̀ ilé igi pọ̀, ìyẹn ló gbà wá.

Ó yá, èyí tó ṣe kókó jù. Igi máa ń gbẹ, tó bá sì ń gbẹ á máa súnkì, ògiri yín á máa wálẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Tó bá jẹ́ igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ògiri ẹsẹ̀ bàtà 8 lè wálẹ̀ tó íǹṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n fi iná gbẹ ò tó bẹ́ẹ̀. Torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ lókè gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, wọ́n á wá fi pákó bo àyè náà lójú, àtẹ̀gùn ò gbọ́dọ̀ dè pa lókè nílẹ̀, àwọn òpó tó gbé òrùlé sì gbọ́dọ̀ ní screw jack, irin kan báyìí téèyàn á máa fi sípánà tú wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ògiri á lọ sílẹ̀, òpó á dúró gbagidi, àárín òrùlé á wá yọ gọngọ bí iké. Káfíńtà tó ń kọ́ ilé lásán ò mọ èyí. Ẹni tó wá so kọ́bọ́ọ̀dù kíṣíìnì wa kàn án pa mọ́ ògiri lókè nílẹ̀, nígbà tí òtútù fi máa lọ, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ò padé mọ́.

Ibi témi àti ilé-iṣẹ́ igi yẹn ti tahùn síra wa nìyí: wọ́n ní igi àwọn ò ju 19% omi lọ, àmọ́ wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, mo gún un wò nígbà tí tírélà já ẹrù, òmíràn ń ka 26. A fa ọ̀rọ̀ yẹn títí kí wọ́n tó pààrọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé, ẹ jọ̀ọ́.

Igi á tún máa la, tó bá la lóru á dún pà! Màmá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn rò pé ìbọn ni, wọ́n bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Lílà yẹn ò ba ilé jẹ́, èyí tó kọjú sókè tí òjò lè dúró sí nìkan ni kẹ́ ẹ dí. Omi gan-an lọ̀tá, ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ jáde dáadáa, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ìpìlẹ̀ sì ga nílẹ̀ torí ikán. Oyin dúdú ńláńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní carpenter bee, tí òtútù bá ti lọ báyìí wọ́n á máa lu ihò róbótó sígi, a fi oògùn borate sí i látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń wá ṣá.

Ọ̀rọ̀ iná: inú igi ni wọ́n ń lu ihò wáyà gbà bí wọ́n ṣe ń to ògiri, torí náà ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìràwọ̀ 1 tí mo yọ, ti stain ni, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sára igi níta. Ọdún 3 sí 5 ni wọ́n ń kùn ún, apá ibi tí oòrùn ń pa gan-an kì í tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó kàn ti ń bọ̀, iye tí wọ́n sì pè fún wa ju ohun tá a fi ń tún ilé wa àtijọ́ ní Lawrenceville ṣe lọ fíìfíì, mo ṣì ń ná an.