Oṣù mẹ́ta tí mo fi lo áàpù ìwé àlá

Láti kékeré ni mo ti ń lá àlá kan náà. Eégún á máa lé mi ní àdúgbò ìyá àgbà, ẹsẹ̀ mi á wúwo, mo fẹ́ pariwo, ohùn ò ní jáde. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ti bímọ méjì, eégún yẹn ò dẹ̀yìn lẹ́yìn mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń san ₦4,500 lóṣù fún áàpù kan tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé àlá lòun ń lá nígbà tó ṣì wà lójú oorun, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lucid dream.

Àwọn tí mo sọ ọ́ fún rò pé ọ̀rọ̀ awo ni. Kì í ṣe awo. Ní 1975, ní Yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùwádìí kan, Keith Hearne, so ẹ̀rọ mọ́ ojú Alan Worsley, ẹnì kan tó máa ń mọ̀ lójú oorun pé àlá lòun ń lá, kó tó sùn. Àdéhùn wọn ni pé tí Worsley bá ti mọ̀ pé òun ń lá àlá, kó yí ẹyinjú sọ́tùn-ún sósì. Ó sùn, ó lá àlá, ó yí i, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Stephen LaBerge, olùwádìí mìíràn, náà ṣe irú ẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, òun ló sì gbé ọ̀nà MILD kalẹ̀, ìyẹn kéèyàn máa sọ fún ara ẹ̀ kó tó sùn padà pé òun á rántí pé àlá lòun ń lá. Òun ni áàpù yìí dúró lé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí n máa kọ àlá mi sílẹ̀ láràárọ̀. Ibẹ̀ ni owó mi ti pé jù, ibẹ̀ náà ni áàpù ti já mi kulẹ̀ jù, torí inú fóònù ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí. Màá jí, màá na ọwọ́ sí fóònù, ìmọ́lẹ̀ á gbá mi lójú, màá rí i pé ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Kí n tó dé ojú ewé àlá, àlá ti lọ. Lọ́sẹ̀ kìíní, méjì péré ni mo rí kọ. Lọ́sẹ̀ kejì mo mú ọ̀kan nínú ìwé iléèwé àwọn ọmọ mi, mo fi okùn so báírò mọ́ ọn, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Tí mo bá jí, mi ò ní yíra padà, mi ò ní lajú. Màá di ohun tí mo rí kẹ́yìn mú, màá bi ara mi pé kí ló ṣáájú ẹ̀, títí màá fi fà á dé ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni màá tó kọ ọ́. Kí oṣù kan tó pé, kò sí òwúrọ̀ tí mi ò rí nǹkan kọ.

Nígbà tí mo kà á padà, mo rí i pé ilẹ̀kùn ilé ìyá àgbà, aláwọ̀ ewé, tí ọ̀dà ẹ̀ ti ń ṣí, wà nínú àlá mẹ́sàn-án. Wọ́n ti wó ilé yẹn láti 2009 nígbà tí wọ́n ń fẹ títì. Ibikíbi tí mo bá ti rí ilẹ̀kùn yẹn, àlá ni. Áàpù náà ní ibi tó ti ń ṣa ohun tó ń padà wá nínú àlá ẹni jọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá, èdè tí mo fi ń lá àlá.

Aago kan tún wà tó ń dún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ pé kí n yẹ ara mi wò. Ẹ fi ìka dí ihò imú, ẹ pa ẹnu dé, ẹ gbìyànjú láti mí. Lójú ayé, atẹ́gùn ò ní kọjá. Lójú àlá, ó sábà máa ń kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin ni aago yẹn fi wúlò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ mi ti ń pa á kí ọkàn mi tó dé ibẹ̀. Mo wá so àṣà náà mọ́ iná: ìgbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tàbí tí wọ́n bá mú un dé, màá dí imú, màá bi ara mi tọkàntọkàn pé báwo ni mo ṣe dé ibi tí mo wà yìí. Ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn, ìyẹn tó.

Jíjí lóru ló le jù. Lẹ́yìn oorun wákàtí 5, áláàmù á jí mi, torí bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ni oorun tí àlá pọ̀ nínú ẹ̀ ń gùn sí i. Màá rántí àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá, màá fojú inú rí ara mi níbẹ̀, màá máa sọ pé, “Tí mo bá tún ń lá àlá, màá rántí pé àlá ni,” títí oorun á fi gbé mi. Áàpù wá fi ohùn oníṣẹ́jú 20 sí i tí kì í jẹ́ kí n sùn padà. Àṣìṣe gbáà ni. Nínú ìwádìí Denholm Aspy ní Yunifásítì Adelaide ní Australia, tó jáde ní 2017, àwọn tó sùn padà láàárín ìṣẹ́jú 5 ló rí i ṣe jù, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Mo pa ohùn náà. Òru Jímọ́ọ̀ àti Sátidé nìkan ni mo sì ń ṣe é, kí iṣẹ́ má baà jìyà ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ keje ló ṣẹlẹ̀. Mo ń sá, eégún ń bọ̀, mo ń gbọ́ bí àtòrì ẹ̀ ṣe ń ha ilẹ̀. Mo ya sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi ba ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Mo dí imú. Atẹ́gùn wọlé, ó tutù, bí ẹni pé mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní, “Àlá nìyí.” Mo yíjú padà. Àwọn àgbà ní bí eégún bá ń lé ni, ká máa rọ́jú, bó ṣe ń rẹ ará ayé ló ń rẹ ará ọ̀run. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó dúró, aṣọ ẹ̀ ń lọ sókè sódò bí àyà ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sọ nǹkan kan. Àyà mi ò já. Ayọ̀ yẹn ló jí mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti rí i ṣe nínú oṣù mẹ́ta. Ìpolówó wọn ní ọjọ́ 7. Ẹ má gbà á gbọ́. Wọ́n sì yẹ kí wọ́n kìlọ̀ dáadáa nípa ohun tí àwa ń pè ní ogun òru. Lóru ọjọ́ kan mo jí, ara mi ò ṣeé gbé. Ọpọlọ ló ti jí kí ohun tó ń mú ara dúró nígbà àlá tó tú u sílẹ̀; ó máa ń lọ fúnra ẹ̀. Ẹni tí oorun ẹ̀ ò dára tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ná.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Ẹ san ti oṣù kan, ẹ kọ́ MILD nínú ẹ̀, ẹ wá ìwé àti báírò. Kẹ́ ẹ sì tètè wá ibi tí wọ́n ti ń dá ìsanwó dúró. Abẹ́ orúkọ yín ló wà, nísàlẹ̀ pátápátá; kí n tó rí i, wọ́n ti yọ owó oṣù kẹrin.