SOMA: àkúdàáyà tí kò mọ̀ pé òun ti kú

Tó bá jẹ́ géèmù tí ẹ óò ti máa yìnbọn pa iwin lẹ ń wá, ẹ má fi owó yín ra SOMA. Ìbọn kò sí níbẹ̀, ọ̀bẹ pàápàá kò sí. Bí nǹkan abàmì bá yọ sí yín, ẹsẹ̀ ni oògùn yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ká jọ sẹ́yìn àpótí kan kí ẹ máa gbàdúrà. Frictional Games, àwọn ará Sweden tó ṣe géèmù Amnesia lọ́dún 2010, ló ṣe é, ó sì jáde lọ́dún 2015. Mo mọ̀ pé mo pẹ́ dé. Àìpẹ́ yìí ni láptọ́ọ̀pù àlòkù tó lè gbé e bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo dúró de ẹ̀dínwó, mo sì fi dátà òru wà á sílẹ̀, nítorí kì í ṣe fáìlì kékeré.

Simon lorúkọ ẹni tí ẹ óò máa darí. Ní Toronto ló ń gbé, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2015 náà, olùwádìí kan ní kó wá kí òun ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, wọ́n dé nǹkan lé e lórí, ojú rẹ̀ ṣú. Ìgbà tí yóò lajú, ọdún 2104 ti dé, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ilé irin tí wọ́n kọ́ sísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, tó ń jẹ́ PATHOS-II. Òkúta ńlá kan ti já láti ojú ọ̀run lu ayé lọ́dún tó ṣáájú, kò sì sí ayé lókè mọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ilé náà, WAU, ló kù tó ń sapá kí ìran ènìyàn má baà parẹ́. Ó ń sapá lóòótọ́. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ohun tó ń jẹ́ ìyè.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọjà Olúwo ni ìyá mi ti ń ta ẹja, nítorí náà omi kì í tètè bà mí lẹ́rù. Omi yìí bà mí lẹ́rù. Ibì kan wà tí ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọ̀gbun òkun, ibi tí oòrùn kò dé rí. Ìgbì ń ru nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ kò rí ju ọwọ́ yín lọ, iná kéékèèké ni ẹ óò máa tọ̀ lẹ́yìn, láti ọ̀kan dé èkejì. Bí ẹ bá ṣìnà kúrò lójú iná, ẹran omi ń dúró. Ía-píìsì wà létí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀ lórí páànù ilé wa, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti géèmù mọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ gan-an ló mú mi. Ìyá àgbà mi máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà fún wa: ẹni tó kú nílé, tí wọ́n sin ín, tó tún lọ fẹ́ ìyàwó tó sì ń ta aṣọ nílùú tó jìnnà. Ọjọ́ tí ará ilé bá rí i ni yóò pòórá. Àkúdàáyà ti ìyá àgbà mọ̀ pé òun ti kú, ìyẹn ló ṣe ń sá fún ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ti inú SOMA kò mọ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ Carl. Irin ni látòkè délẹ̀, kò lè dìde, àmọ́ ohùn ènìyàn ló ń jáde lára rẹ̀, ó sì dá a lójú pé ènìyàn lòun. Ẹ fẹ́ tan iná kí ọ̀nà lè ṣí, òun náà sì ń lo iná ọ̀hún: ẹ lè pa á, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ sínú ìrora. Mo tẹ ọ̀kan. Igbe tó ké, mo yọ ía-píìsì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ohun tó ń bọ̀ níwájú, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Ara tí Simon ń lò kò lè gba agbára omi ọ̀gbun, ni Catherine, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, bá ní kó bọ́ sínú ara mìíràn. Ó jókòó, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ó lajú nínú ara tuntun. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti orí àga tó ti kúrò, tó ń béèrè ìdí tí nǹkan náà kò fi ṣiṣẹ́. Wọn kò gbé e lọ síbì kankan. Àdàkọ ni wọ́n ṣe. Simon ti tẹ́lẹ̀ sùn lọ sórí àga, ó sì kù sọ́wọ́ yín bóyá ẹ óò pa á tàbí ẹ óò jẹ́ kó jí bá òkùnkùn lóun nìkan. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe, ìparí géèmù kò yí padà, kò sí máàkì, kò sí ìjìyà. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú pé kí ni wọ́n wá ń bi mí fún. Mo tó wá rí i pé tí máàkì bá wà níbẹ̀, máàkì ni ǹ bá máa rò, n kò ní ro ti ẹni tó ń sùn.

Ó wá ku àwọn abàmì náà. Wọ́n sú mi. Ọ̀kan kò ríran, etí ló fi ń ṣọdẹ. Òmíràn, tí ó bá ti sún mọ́ yín, ojú kọ̀ǹpútà á máa dàrú. Ó dára lẹ́ẹ̀kíní. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo fẹ́ gbọ́ ohùn òkú kan tí wọ́n gbà sílẹ̀, mo fẹ́ ka lẹ́tà tó wà lórí tábìlì, abàmì kan ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ àdúgbò. Tó bá kọ́kọ́ mú yín, ẹ óò jí, ẹ óò máa tiro. Tó bá tún mú yín, ó parí. Nígbà kan tí mo pariwo, ìyá mi kàn lẹ̀kùn: "Ta ló ń lé ẹ, nínú yàrá tí o tì mọ́ra ẹ?" N kò rí èsì fọ̀.

Simon náà máa ń mú mi bínú. Catherine ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àdàkọ yìí fún un yékéyéké, òun fúnra rẹ̀ sì fojú rí i, síbẹ̀ ó ń ṣe bí ẹni tí wọn kò sọ fún. Àbúrò mi ní irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tí ikú bá ń wò lójú. Bóyá.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba eré sísá, Safe Mode wà níbẹ̀ láti ọdún 2017: àwọn abàmì ṣì wà, wọn kò kàn ní pa yín. Ká ní mo mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni, òun ni ǹ bá lò, láìtijú. Nípa ti iná, ẹ rí i pé bátìrì yín kún. Géèmù fúnra rẹ̀ ló ń fi ibi tí ẹ dé pamọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́ tí láptọ́ọ̀pù kú, mo sì tún ìrìn rìn.

Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ báyìí, lórí Safe Mode. Lánàá ó dé ọ̀dọ̀ Carl. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máóòsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n tẹ̀?" Mo ní mo fẹ́ lọ wo epo inú jẹnẹrétọ̀.