Síso àtẹ owó mọ́ ìwé ìjábọ̀: Excel, LibreOffice àbí Google?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ olóko kajú ní Kàbà kò yẹ kó máa fọwọ́ tún iye kílò àti owó tẹ̀ sínú ìwé ìjábọ̀ lóṣooṣù. Kó so àtẹ mọ́ ìwé, kí iye inú ìwé lè máa tẹ̀lé ti àtẹ, ó parí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣírò dáadáa, n ò ní fìyẹn gbà yín lásìkò.

Àdírẹ́sì fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ sí. Tí ẹ bá kọ́pì láti Excel, tí ẹ tẹ Ctrl+Alt+V nínú Word, tí ẹ sì mú Paste link, gbogbo ojú ọ̀nà fáìlì náà ni Word ń kọ pamọ́. Ẹ tẹ Alt+F9, ẹ ó rí lẹ́tà dráìfù, fóòdà, orúkọ fáìlì, títí dórí ìlà àti òpó. Fíláàṣì tó ń jẹ́ E: lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé ní Kàbà lè di F: lórí ti akápò ní Ìsánlú, ìsopọ̀ sì ti já nìyẹn. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé iye ti oṣù tó kọjá sábà máa ń wà lójú ìwé síbẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á pín in nípàdé. Ẹ lọ sí File, Info, Edit Links to Files, kí ẹ fi Change Source tọ́ka ibi tuntun.

Òmíràn tún wà. Bí ẹ bá fi ìlà ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sáàárín àtẹ nígbà tí ìwé Word wà ní pípadé, Word á ṣì máa wo R1C1:R20C4 tó mọ̀ (ìlà 1 dé 20, òpó 1 dé 4). Àròpọ̀ tó ti sún sí ìlà 21 kò ní hàn. Ẹ fún àwọn àpótí (cell) náà lórúkọ nínú Name Box, ojú kékeré tó wà lókè lápá òsì Excel, kí ẹ sì fi orúkọ yẹn rọ́pò R1C1:R20C4, pẹ̀lú orúkọ ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ Alt+F9. Ìlà tuntun gbọ́dọ̀ wọ àárín, kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá.

LibreOffice ò gba kọ́bọ̀. Ẹ fi fáìlì Calc, àtẹ tirẹ̀, pamọ́ kí ẹ tó kọ́pì, ẹ wá mú DDE link nínú Paste Special ti Writer, tó dà bíi Word. Àìsàn àdírẹ́sì ń ṣe òun náà.

Google Docs ń fi ìdánimọ̀ fáìlì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ibi tó wà. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ gbé e kúrò nínú fóòdà, kò já. Ẹ kọ́pì láti Sheets, ẹ mú Link to spreadsheet. Bí iye bá yí, Update á yọ lókè àtẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, kò ní dá ara rẹ̀ ṣe é. Àtẹ tó ju àpótí 400 lọ kò ṣeé so, nítorí náà ojú ewé àkópọ̀ nìkan ni kí ẹ so. Ó ń jẹ dátà lóòótọ́. Ẹni tó wà níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ò dá ṣáká ní Bùnú lè dúró dìgbà tó bá dé ìgboro kó tó tẹ Update.

Ẹni tó ń dá lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, Excel pẹ̀lú àpótí tó lórúkọ tó o. Ìwé tó bá ń ti ọwọ́ akọ̀wé dé ti akápò, dé ti alága, Google ni kí ẹ lò, kí ẹ fi owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra Office ra dátà.

Kí ìwé Word tó lọ sí Lọ́kọ́jà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yan àtẹ inú ẹ̀dà náà, ẹ tẹ Ctrl+Shift+F9. Ìyẹn á já ìsopọ̀ náà, Word ò sì ní bi ẹni tó gbà á léèrè fáìlì tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.