Oṣù mẹ́rìnlá pẹ̀lú ẹ̀rọ asẹ́ omi abẹ́ sínkì: ṣé ó ń mú ìyókù oògùn kúrò?

Carbamazepine, oògùn wárápá, ni ìyá mi ń lò. Ọjọ́ tí mo kà á pé díẹ̀ nínú oògùn tí a ń gbé mì máa ń bá ìtọ̀ jáde, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí omi ẹ̀rọ wa. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí níbi tí wọ́n ti ń tún omi ẹ̀gbin ṣe ń rí ibuprofen jẹ dáadáa. Carbamazepine ní tirẹ̀, ńṣe ló ń gba ibẹ̀ kọjá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó, ó di inú odò tí wọ́n ti lè fa omi ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tí mo rà ní asẹ́ mẹ́rin. Èkíní ń gba iyanrìn àti ìpẹtà. Èkejì jẹ́ èédú tí wọ́n fún pọ̀, ẹ̀kẹta ni awọ reverse osmosis, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ kí omi kọjá, tó sì ń kọ ọ̀pọ̀ ohun tó tú sínú rẹ̀, ẹ̀kẹrin tún jẹ́ èédú. Èédú yìí kì í ṣe ti ìdáná o. Wọ́n ti fi ooru líle la ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, débi pé bí a bá tẹ́ gbogbo ojú ihò inú gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, ó lè ju 500 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ara ihò wọ̀nyẹn ni oògùn ń lẹ̀ mọ́. Dídè ẹ̀rọ náà mọ́ abẹ́ sínkì kò le. Ẹni tó bá mọ nọ́ọ̀tì í dì á ṣe é.

Ohun tó bí mi nínú ni mítà kékeré tó wà nínú páálí. Ẹni tó tà á fún mi tì í bọ omi ẹ̀rọ, ó tì í bọ omi tí a sẹ́, nọ́ńbà já wálẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó, oògùn ti lọ.” Irọ́ gbuu! Iyọ̀ tó tú sínú omi ni mítà yẹn ń wá, mílígíráàmù ló sì fi ń kà á. Nánógíráàmù ni a fi ń ka oògùn inú omi mímu, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló sì wà nínú mílígíráàmù kan. Ta ló ń fi òṣùwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì wọn irun ìpéǹpéjú? Mo dán an wò fúnra mi: mo lọ odindi hóró paracetamol kan sínú lítà omi kan tí mo ti sẹ́, mo pò ó, mo ti mítà bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira.

Ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ wò. Ìlànà ìdánwò tí wọ́n ń pè ní NSF/ANSI 401 ni wọ́n fi ń dán asẹ́ wò fún carbamazepine, ibuprofen, naproxen, estrone àti irú wọn. NSF/ANSI 42 ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí tèmi, ìyẹn sì jẹ mọ́ adùn omi àti òórùn klorínì. Orí ni mo fi là á: 401 wà lára asẹ́ èédú, ní lẹ́tà wínníwínní.

Èédú kì í pariwo bó bá kún. Omi kò yí adùn padà, kò yí àwọ̀. Oṣù mẹ́fà ni ìwé ìlànà wí. Èmi ń pààrọ̀ ní oṣù karùn-ún nítorí a pọ̀ nílé.

Mo wá gbé garawa sẹ́nu páìpù ìdàsílẹ̀. Lítà kan tí a mu, nǹkan bíi mẹ́ta ló ń dànù! Oògùn tí awọ náà kọ̀ sì wà nínú omi tó ń dànù yẹn, ó ń padà sínú kòtò ẹ̀gbin. Ẹ̀rọ mi kò pa oògùn kankan, ó kàn lé e kúrò nínú ife mi ni. Láti 2016 ni òfin Switzerland ti ní kí àwọn ibùdó ìtúnṣe omi ẹ̀gbin kan máa mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún irú èròjà bẹ́ẹ̀ kúrò, gáàsì ozone tàbí èédú ni wọ́n sì ń lò.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ṣírò rẹ̀. Bí lítà omi kan bá ní 100 nánógíráàmù, ẹni tó fẹ́ rí hóró 200 mílígíráàmù kan nínú rẹ̀ á mu mílíọ̀nù méjì lítà. Mo ṣì máa ra ẹ̀rọ náà bí mo bá tún ọjà ná. Mítà yẹn ni mo ti fún àwọn ọmọ fi ṣeré, oògùn tó bá sì ṣẹ́kù nílé, tí mo máa ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn apoògùn ni mo ń dá a padà sí báyìí.