4Runner 1999 tó ti rin 217,000 máìlì: bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó, àti bó ṣe ń ṣe sí mi

Kajú ni mo ń rà, òun náà ni mo ń tà. Bí kajú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lóṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, apá Ìkòyí-Ilé àti àwọn abúlé Oríire ni ẹ ó ti rí mi, ẹ má wá mi sí Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òjò àkọ́rọ̀ sì máa ń bá wa lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹni tó mọ ọ̀nà oko ibẹ̀ mọ̀ pé òjò kan péré ti tó, ọkọ̀ kékeré á wọnú ẹrẹ̀, ó di ká máa wá ẹni tó máa tì í. Ìdí tí mo fi wá jíìpù kiri nìyẹn. Kì í ṣe ti fàájì.

Ohun tí wọ́n ń bi mí jù nísọ̀ ni pé, "Mọ́mì, ọkọ̀ tó ti rìn tó báyìí, ṣé ó ṣeé fọkàn tán?" Toyota 4Runner ni, ti 1999, 217,000 máìlì ló sì wà lójú aago rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sanwó. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, máìlì ni wọ́n fi ń kà á. Bí ẹ bá sọ ọ́ di kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350,000. Ó ti rìn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n iye tó wà lójú aago ni ohun tí mo wò kẹ́yìn.

Ibì kan tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin ni mo ti rí i. Méjì ni wọ́n gbé síwájú mi, irú kan náà, tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò fún ọdún mélòó kan nílẹ̀ yìí. Dúdú ń dán, wọ́n ti fi nǹkan pa á lára, 96,000 máìlì ló ń fi hàn. Aláwọ̀ ewé ti ṣá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì ti fọ́. Ẹni tó ń tà wọ́n ní, "Ìyá wa, dúdú yìí ni kẹ́ ẹ gbé o, kò tíì rìn rárá." Mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí n jókòó sí i. Rọ́bà orí ẹsẹ̀ bírékì ti jẹ títí irin fi ń yọjú. Awọ sítẹ́ríǹgì ti bó níbi tí ọwọ́ máa ń wà. Etí ìjókòó dírẹ́bà, níbi tí èèyàn máa ń fi ìdí wọ́ kọjá, ti rún, fóòmù ti ń jáde. Kí ni 96,000 máìlì fẹ́ fi rọ́bà bírékì ṣe? Aago yẹn, wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun sà, ẹ jẹ́ n wo aláwọ̀ ewé yẹn." Inú wọn ò dùn, nítorí owó dúdú ju tirẹ̀ lọ dáadáa.

Ti aláwọ̀ ewé, bó ṣe gbó nínú bá ohun tí aago rẹ̀ ń sọ mu. Mo wo nọ́ńbà ara ọkọ̀, onílẹ́tà àti nọ́ńbà 17 yẹn, lábẹ́ gíláàsì iwájú; mo wo ti ara ilẹ̀kùn, mo wo ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọ̀kan náà ni. JT3 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ìkẹwàá rẹ̀ jẹ́ X, X sì ni ti 1999. (V ni ti 1997. Ẹ fi sọ́kàn, torí àwọn kan ń ta 1997 ní 1999.) Àbúrò mi tó wà ní LAUTECH fi nọ́ńbà náà wo ìtàn ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà lórí fóònù, ó sanwó díẹ̀ fún un. Gbogbo máìlì tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ń gòkè ni, kò sí ibi tó ti padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ títí n ó fi padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná a máa fi àìsàn pamọ́. Èmi àti mẹkáníìkì mi dé kí oòrùn tó yọ dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù. Ó ní kí ọmọ ibẹ̀ tanná sí i, òun lọ dúró sídìí sàlẹ́ńsà. Bí èéfín bá jẹ́ búlúù, ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì. Bó bá funfun tí kò sì tán bọ̀rọ̀, tó ní òórùn dídùn kan báyìí, omi rédíétọ̀ ló ń wọnú ẹ́ńjìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Dúdú, epo ló ń jó jù. Tiwa tú funfun díẹ̀, ọ̀rinrin àárọ̀ lásán, ó sì pòórá kíákíá. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó fìka nu inú rẹ̀, kò rí nǹkan funfun tó ki níbẹ̀, èyí tó máa ń fi hàn pé omi ti wọ ọ́ìlì.

Ibi tó pẹ́ sí jù ni rédíétọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà pẹ́ níbẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ yìí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ọ́ìlì jíà ń gba ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù. Bí rédíétọ̀ bá ti darúgbó, tí ìpáàrà ti jẹ inú rẹ̀, omi á lọ bá ọ́ìlì jíà, àwọn méjèèjì á pò pọ̀ di nǹkan pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ki, jíà ò sì ní pẹ́ kú lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá ti ra jíà rí mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí a ṣí tiwa, omi rẹ̀ pọ́n, dóògún ni. Omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń bù sí i, kò sí kúláńtì, oògùn tí kì í jẹ́ kó dóògún, nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ò léfòó lójú rẹ̀. A fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà jáde: ó pupa, ó mọ́, kò sì rùn bí ohun tó jóná. Mẹkáníìkì ní, "Mọ́mì, jíà yè. Rédíétọ̀ yìí la máa tètè yọ kó tó pa á."

Ẹni tó ń ṣe riwáyà iná ọkọ̀ fún wa gbé skánà wá, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Amẹ́ríkà kí ọkọ̀ tuntun ní ojúhò tí skánà ń wọ̀, ẹ ó rí i lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Kò sí kóòdù àléébù kankan. Ẹ má tíì yọ̀ o. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ohun tí kò lè parọ́ rẹ̀ ni àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀: tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́, skánà á fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò yẹn ò tíì parí, ó sì dìgbà tí wọ́n bá wa ọkọ̀ náà káàkiri kí wọ́n tó parí. Ẹ ní kó fi ojú ewé yẹn hàn yín. Tiwa ti parí.

Mo dùbúlẹ̀ sórí tàpólì, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń da iyọ̀ sójú títì, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ ṣáàsí 4Runner, nígbà mìíràn láti inú síta, pàápàá lápá ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ojú ò ní rí i. Òòlù ló ń tú àṣírí rẹ̀. Irin tó ṣì lágbára á dún kọ́ńkọ́ń, èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀tọ̀, òòlù tiẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ lọ. Tiwa dún kọ́ńkọ́ń látiwájú dẹ́yìn. Kátálíìsì rẹ̀ náà, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ ní ọ̀nà sàlẹ́ńsà, ṣì wà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti gé tiwọn tà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, oríkèé irin tó di ẹsẹ̀ táyà iwájú mú, ti yọ̀. Tí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ rántí èyí, torí ibẹ̀ ni ìran 4Runner yìí, ti 1996 sí 2002, ti lè ṣe èèyàn léṣe. Bó bá já, táyà iwájú á ṣubú sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ fojú inú wò ó lórí eré, láàárín àwọn tírélà tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo 4Runner ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Ti ẹ̀yìn nìkan wà, wọ́n jọra lóde. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ jíà bóyá ọ̀pá kékeré kejì wà níbẹ̀; ẹ tún wo abẹ́ iwájú bóyá ásù, irin tó ń yí táyà, wọ inú táyà méjèèjì. Ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ la gbé tiwa lọ láti dán an wò. Ẹ má fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i lórí títì gbígbẹ, jíà abẹ́ rẹ̀ lẹ ó fi bàjẹ́. Nígbà tí a fi ọ̀pá kejì yẹn sí ipò tó lọ́ra, ó ń gun òkè láìjẹ́ pé mo tẹ epo rárá. Inú mi dùn débi pé mo fi ojú pamọ́ fún ẹni tó ń tà á.

₦4,500,000 ni wọ́n pè. Mo ka rédíétọ̀ fún wọn, mo ka bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, mo ka AC tí kò tutù. Mo ka bẹ́líìtì taimínì, rọ́bà tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnì yí létòlétò, tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ní 90,000 máìlì, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ èyí kẹ́yìn. (Ti ẹ́ńjìnì 3.4 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà yìí, bí bẹ́líìtì bá já, ọkọ̀ á kú sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n fáàfù ò ní lu písítìnì kó ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Mi ò sọ ìyẹn fún wọn.) Wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹ ti tú ọkọ̀ mi palẹ̀ lójú ara mi." Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Kajú pàápàá, a máa ń gé e wò ká tó rà á." ₦3,650,000 la parí ẹ̀ sí.

Rédíétọ̀ tuntun ni mo rà. Wọ́n fi Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, lọ̀ mí, owó rẹ̀ kéré, mo kọ̀: kí n fi àlòkù gba jíà sílẹ̀ lọ́wọ́ àlòkù? Iná ẹ̀yìn tó fọ́, Bẹ́líjíọ̀mù ni mo fi sí i, kò sí wàhálà. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjèèjì ni mo pààrọ̀, tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ló yọ̀. Bẹ́líìtì náà, a fi pọ́ǹpù omi tuntun sí i lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa tú láti dé ìdí méjèèjì.

Ó ti bá mi lo àkókò kajú já báyìí. Kò tíì fi mí sílẹ̀ sínú oko. Tí mo bá ká ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, ó ń gba àpò márùn-ún, èmi àti ọmọ kan sì jókòó síwájú. Àwọn ọmọ fẹ́ máa kó mẹ́wàá sí i. Mo ní jíìpù ni, kì í ṣe Dáínà. Ó ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, mo ń gbé gálọ́ọ̀nù kan sẹ́yìn, mo sì ń wọ̀n ọ́n kí n tó jáde. Ní irú ọjọ́ orí yẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Epo ni ẹjọ́ tí mo ní. Táńkì rẹ̀ gba lítà 70, lítà kan kì í gbé e ju kìlómítà 6 tàbí 7 lọ, nínú ẹrẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, èèyàn ṣì lè rọ́ ìyẹn mọ́ra. Tó bá jẹ́ láàárín Sábó sí Tákìé lẹ fẹ́ máa fi gbé ọmọ lọ síléèwé, ẹ lọ ra Corolla, ẹ jẹ́ kí owó yín sinmi. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé lọ sínú oko ló ni irú ọkọ̀ yìí.

Ẹnìkan tí a jọ ń ra kajú ra jíìpù ilẹ̀ Jámánì, máìlì tirẹ̀ kò tó ìdajì tèmi. Bí iná kan bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé e lọ, ọjọ́ ọjà á sì ti kọjá kó tó dé. Tèmi, mẹkáníìkì tó lè tú u tún un tò kò ṣọ̀wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo bá ń wò ó bóyá ọkọ̀ kan ṣeé gbára lé, mo ń ka ìyẹn mọ́ ọn.

AC kò tíì ṣe, wọ́n ní kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ ló lọ, á dúró de owó kajú ọdún tó ń bọ̀. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, òórùn kajú á sì gba ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí i lórí ìrìn, ẹ ṣí ti iwájú náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín sàlẹ́ńsà á máa gba ẹ̀yìn wọlé wá bá yín.